Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹ́

Àbúrò mi, mo ti ka lẹ́tà ẹ tán. O ní látọdún tó kọjá tí wọ́n ti sọ fún ẹ pé schizophrenia ni, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn táwọn ẹlòmíì ò gbọ́, abẹ́rẹ́ tó ò ń gbà lóṣooṣù ti jẹ́ káwọn ohùn yẹn dákẹ́, àmọ́ kò wù ẹ́ láti ṣe nǹkankan mọ́, ìwọ tó o máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó yọ, aṣọ kọ́sítómà ti kún ilẹ̀, ìwẹ̀ pàápàá ti dogun, mọ́mì wá ń sọ pé o ti ya ọ̀lẹ. O wá ń bi mí pé ṣé kó o kúkú pa abẹ́rẹ́ yẹn tì.

Jọ̀ọ́, má pa á tì o, mo bẹ̀ ẹ́. Ó lè dà bíi pé ara fúyẹ́ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn ohùn yẹn sábà máa ń padà wá.

Ọ̀lẹ kọ́ o. Àìsàn yìí máa ń gbé nǹkan wá, bí ohùn àti ìfura, ó sì tún máa ń kó nǹkan lọ: ìdùnnú, ọ̀rọ̀ ẹnu, kí nǹkan máa wu èèyàn. Oògùn máa ń kápá èyí tó gbé wá dáadáa, èyí tó kó lọ ló máa ń ṣòro. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ oògùn gan-an ló ń kun èèyàn lóorun, tàbí kó jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn ló tún dà pọ̀ mọ́ ọn. Dókítà ló lè mọ èyí tó jẹ́, ó lè dín oògùn kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ o gbọ́dọ̀ sọ fún un bó o ṣe sọ fún mi yìí, títí kan ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé èrò ikú ń wá sí ẹ lọ́kàn, má dúró dọjọ́ abẹ́rẹ́, ní kí ẹnì kan tẹ̀ lé ẹ lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ yẹn náà.

Kó o tó débẹ̀, má dúró kó kọ́kọ́ wù ẹ́. Mú àkókò kan lójúmọ́, jókòó sídìí maṣíìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́tìnì kan péré lo rán, ó ti tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé ó ń wuni. Lọ́dún 1954, ní Aró l'Abẹ́òkúta, ṣebí ọ̀nà tí Dókítà Adéoyè Lambo gbà nìyẹn, àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ọsibítù, wọ́n á gba ìtọ́jú láàárọ̀, tó bá yá wọ́n á bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, ẹbí wọn kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó ń se oúnjẹ fún wọn, tó ń fọṣọ wọn.

Ẹbí yẹn ló jẹ mí lógún jù. Mú mọ́mì dání tó o bá ń lọ gba abẹ́rẹ́, kí dókítà fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, torí ìyá tó bá lóye á máa bu omi ìwẹ̀ fún ẹ dípò kí wọ́n máa bú ẹ. Aṣọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ yẹn, gbé e fún tẹ́lọ̀ míì tó o fọkàn tán, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí dókítà, kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ.