Èsì: Ọmọ ọdún 2 ààbọ̀ tí kò tíì máa sọ̀rọ̀

Ìyá Àánú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ ní "màmá" àti "gbà" nìkan ló ń sọ, ìyá ọkọ yín sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Èmi ò ní dúró o. Ọmọ ọdún 2 ti sábà máa ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "gbé mi", "omi tán".

Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kódà bó bá ń yíjú tí ìlẹ̀kùn bá gbá. Ọmọ lè gbọ́ ariwo ńlá kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete. Omi tó dúró sínú etí lẹ́yìn ọ̀fìnkìn lè fà á. Ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, tàbí tí kì í nàka sí nǹkan, tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀, ẹ tètè lọ.

Nílé, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọmọ tèmi pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, màá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, màá ní "ọ̀gẹ̀dẹ̀", màá wá dákẹ́, màá ka ení dé ẹ̀wá nínú. Lọ́jọ́ kan ló ní "gẹ̀dẹ̀". Díẹ̀ ló kù kí n kó gbogbo rẹ̀ fún un!

Àwọn tó ní kí ẹ pa Yorùbá tì, ẹ má dá wọn lóhùn. Èdè méjì kọ́ ló ń dí ọmọ lẹ́nu. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan abẹ́ ahọ́n rẹ̀ pé kó lè sọ̀rọ̀.