Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé scale microtonal (ìtò ohùn tí àlàfo rẹ̀ yàtọ̀ sí ti piano lásán) ni synthesizer mi ń lò lóòótọ́?

Fi áàpù tuner tó ń ka cent (ìwọ̀n àlàfo ohùn; 100 ni láàárín bọ́tìnnì méjì tó tẹ̀lé ara wọn lórí piano lásán) wọn bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ohun tí o rí wé iye tó yẹ kó wà nínú scale tí o yàn. Etí nìkan kò tó.

Ká mú 19-EDO, scale tó pín octave (àlàfo láti ohùn kan dé èyí tí Hz rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì) sí ọ̀nà 19 tó dọ́gba. Bí A bá wà ní 440 Hz, bọ́tìnnì tó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 456.3 Hz, ìyẹn cent 63 sókè. Bí tuner bá gbé 466.2 Hz wá, cent 100 nìyẹn: ohùn 12 tí gbogbo ayé mọ̀ ló ṣì ń dún, ohun yòówù kí orúkọ fáìlì ojú ẹ̀rọ náà máa sọ.

Èyí tó yá jù: tẹ A, kí o ka bọ́tìnnì 12 sókè, dúdú àti funfun. Bó bá bọ́ sí 880 Hz gẹ́lẹ́, 19-EDO kò tíì wọlé, nítorí bọ́tìnnì kọkàndínlógún ló yẹ kó gbé ọ débẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò wúlò fún scale tó ní ohùn 12 fúnra rẹ̀, bíi just intonation (ìtò tó ń fi ìpín nọ́ńbà kéékèèké tò àwọn Hz rẹ̀). Bí C bá jẹ́ ìpìlẹ̀ níbẹ̀, wọn àlàfo C sí E: cent 386 ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe 400.

Ohùn sine (ohùn tó mọ́ gaara, tí kò ní àdàlù) ni kí o lò, kí o sì pa vibrato, chorus àti detune, torí wọ́n ń mi ohùn tàbí kí wọ́n dà á pọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí tuner dúró lójú kan.