Kí ẹ tó gbé Hilux àtijọ́ yẹn sókè, ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀

Ẹ kú àmójútó ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀. Ẹ sọ pé Hilux ọdún 1991 ni, pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 3L ló wà nínú rẹ̀, pé ó ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ilé láìṣiṣẹ́, ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ tí yóò máa wọ oko kòkó lápá Ìdànrè nígbà òjò. Ìbéèrè yín ni pé nínú gbígbé e sókè ní ínṣì mẹ́rin kó lè jìnnà sí ilẹ̀, ríra táyà ńlá, àti díde iná gbọọrọ mọ́ orí rẹ̀, èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Èmi ò ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Irú ọkọ̀ yìí gan-an ni mo ní, ti ọdún 1990, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kínní, òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí pé òkè lojú ń rí. Lẹ́ẹ̀kejì, abẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí pé abẹ́ ló dójú tì mí.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo abẹ́ iwájú rẹ̀. Láàárín ọdún 1988 sí 1997, oríṣi iwájú méjì ló wà lára Hilux tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ọ̀kan ní irin tọ́ṣọ̀n-bà, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń lọ́ dípò sípíríìngì, táyà kọ̀ọ̀kan sì ń dá gòkè, ó ń dá sọ̀ kalẹ̀. Èkejì ní áàsù kan ṣoṣo tó gùn láti ọ̀tún dé òsì, tó jókòó lórí sípíríìngì onílífù, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, bíi ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí LN106 lára àwo irin tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, oníáàsù gbọọrọ ni tiyín, mo sì bá yín yọ̀, nítorí pé òun ló le jù fún ọ̀nà oko, mẹkáníìkì ìgbèríko sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn á bi yín léèrè èyí kí wọ́n tó nawọ́ sí ohunkóhun, torí pé ẹ̀yà iwájú ti ọ̀kan kì í wọ èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ náà lé irin tó dúró dáadáa, kì í ṣe jáàkì nìkan, ẹ mú òòlù kékeré kan, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fi òòlù náà kan ṣáṣí, irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì yè á dún gan-an-gan bí agogo. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ láti inú kò ní dáhùn, ńṣe ni yóò kàn ṣe pọ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ jù ni ibi tí imú sípíríìngì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáṣí, torí pé ẹrẹ̀ máa ń gba ojú ihò wọ inú ṣáṣí níbẹ̀, omi rẹ̀ kì í sì í tètè gbẹ. Lára tèmi, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi bọ́dì fíílà dí i, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó ń dán. Mi ò fi òòlù kàn án. Mo gbé ọkọ̀ sókè, mo ra táyà, mo tún gbogbo rẹ̀ kùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, mo kó àpò kòkó mẹ́sàn-án sẹ́yìn rẹ̀. Àpò mẹ́rìndínlógún ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ẹ ò lè sọ pé mo di ẹrù pa á. Bí mo ṣe ń jáde nínú odò kékeré kan, mo gbọ́ gbàù, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì tẹ̀ sí òsì. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo rí i pé imú sípíríìngì ti já kúrò lára ṣáṣí tòun ti irin tí wọ́n jó mọ́ ọn, ó ti lu bọ́dì ẹ̀yìn láti abẹ́, ó sì yọ orí síta láàárín àpò kòkó méjì. Níbi tó ti já, ìka lásán ni mo fi ń ṣẹ́ irin ṣáṣí bí ìpékeré.

Wẹ́dà tó bá fẹ́ lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ojú ìpẹtà, ẹ má gbà fún un. Kó gé gbogbo ibi tó ti jẹrà kúrò títí yóò fi kan irin tó mọ́, kó fi irin tó nípọn bíi ti ṣáṣí gan-an dí i, kó sì tún fi àwo irin mìíràn bò ó, èyí tó gé ní ṣóńṣó lórí méjèèjì bí imú ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá jó o ní ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán láti òkè ṣáṣí dé ìsàlẹ̀, ojú ìlà yẹn gan-an ni yóò ti sán lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ yọ orí bátìrì àti wáyà tó ń gbé iná sínú bátìrì kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ìjórin.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mi ò lè yára kọjá. Lábẹ́ ẹ̀yìn Hilux yìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so áàsù ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ fáàfù kan lára ṣáṣí. Bí ẹrù bá wúwo, ṣáṣí á sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ áàsù, fáàfù náà á sì jẹ́ kí agbára bíréèkì tó pọ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Bí ẹrù ò bá sí, ṣáṣí á ga, fáàfù á sì dín ti ẹ̀yìn kù kí táyà ẹ̀yìn má baà gan kó máa yọ̀. Nígbà tí mo wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní ínṣì mẹ́rin láìfọwọ́ kan irin yẹn, fáàfù gbà pé ọkọ̀ ò ru nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù kún un dé ẹnu. Iwájú nìkan ló wá ń dá iṣẹ́ dídúró ṣe. Ní ìdagẹ̀rẹ́ gígùn kan tí mo ń sọ̀ bọ̀ láti oko, mo kọ́kọ́ gbóòórùn páàdì tó ń jó, lẹ́yìn náà ni pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí èèyàn tẹ tìmùtìmù. Gíà kejì ló gbà mí, àti ebè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí mo darí táyà lù. Mẹkáníìkì méjì ló pààrọ̀ páàdì àti másítà bíréèkì fún mi lórí ọ̀ràn yìí, kí bàbá àgbà kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wọ abẹ́ ọkọ̀, tó fọwọ́ kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà, tó sì bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè ní ínṣì méjì, ibi tí irin náà ti so mọ́ áàsù gbọ́dọ̀ gòkè ní ínṣì méjì pẹ̀lú. Rọ́bà bíréèkì náà gbọ́dọ̀ gùn sí i, kó má baà fà ya nígbà tí áàsù bá rọ̀ sínú kòtò.

Lẹ́yìn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí irin ńlá kan tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Inú rẹ̀ ni ṣáàfù ti ń yí nígbà tí ẹ bá ń ya kọ́nà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà láìṣiṣẹ́, ọ́ìlì síìlì tó wà níbẹ̀ á ti gan, ọ́ìlì dífúrẹ́ńṣà, ìyẹn gíà àárín áàsù tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, á sì máa ṣàn wọ inú bọ́ọ̀lù náà, á máa tú gíríìsì inú rẹ̀. Bí nǹkan dúdú tó ń fà bí ewédú bá ń ṣàn sára ríìmù láti inú, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọmọṣẹ́ kan fi àkísà nù ún fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní gíríìsì ló pọ̀ jù. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì àti bíárìn, kí ẹ sì fi gíríìsì dúdú tó ní molybdenum kún un. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ó sì ń ba aṣọ jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wá ihò èémí lórí áàsù méjèèjì. Dífúrẹ́ńṣà máa ń gbóná lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá wá wọ odò lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, áàsù á sì fa omi wọlé níbikíbi tó bá ti rí àyè. Ọ́ìlì tí mo tú jáde nínú tèmi funfun bí ògì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn láti ojú ihò yẹn dé inú yàrá ẹ́ńjìnnì ló yanjú rẹ̀, owó tó sì ná mi kò tó owó ọ́ìlì tí mo dànù.

Ní báyìí ẹ lè gbé e sókè, ṣùgbọ́n ínṣì méjì tó yín. Mẹ́rin tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ mú kí ọkọ̀ náà máa fẹ́ dojú dé níbi tí ọ̀nà bá ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdarí rẹ̀ sì ń fà sọ́tùn-ún sósì bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò. Lífù ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n bá mi fi kún sípíríìngì rẹ̀, ó sì gan débi pé bí ẹrù ò bá sí, ńṣe ló ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ewúrẹ́. Èyí tó burú jù ni pé sípíríìngì tó bá gan kì í jẹ́ kí táyà sọ̀ wọ inú kòtò. Táyà kan á wà lófuurufú, gbogbo agbára á sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, nígbà tí èkejì tó wà nílẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan, torí pé bí dífúrẹ́ńṣà lásán ṣe ń pín agbára nìyẹn. Sípíríìngì tó rọ̀ tó sì gùn ni kí ẹ wá, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù tó bá a mu.

Ní ti táyà, èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé èyí tó fẹ̀ ló dára jù. Ilẹ̀ pupa wa máa ń rọ̀ lókè, ó sì máa ń le nísàlẹ̀. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga á gé ẹrẹ̀ kọjá lọ kan ilẹ̀ líle. Èyí tó fẹ̀ á léfòó, á máa yọ̀. 7.50R16 ni mo ń lò, nítorí pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré náà ń lò ó, fọkanáísà oko sì ní túùbù rẹ̀ nílé. Bí 205R16 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí géèjì eré bá ń ka 80, ẹ ti ń sá tó 87. Bí ẹ bá máa ra tòkunbọ̀, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ máa lọ.

Ẹ́ńjìnnì 3L kì í ṣe wàhálà. Ẹ tú dísẹ́ẹ̀lì ọdún mẹ́fà náà dànù, ẹ fọ táńkì, kí ẹ sì pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì náà rárá, torí pé bí bẹ́líìtì náà bá já, fáàfù inú ẹ́ńjìnnì á lu písítìn. Bí ẹ bá ń fi gíà mẹ́rin-fà wakọ̀, kí ó jẹ́ lórí ẹrẹ̀ nìkan. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà, iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà títí ohun kan yóò fi ṣẹ́.

Ní ti iná gbọọrọ tí ẹ fẹ́ dè mọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni lọ́wọ́ rẹ́wáyà. Tèmi ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láti ìgbà tí ṣáṣí ti já. Mi ò tíì rìn lálẹ́ lọ́nà oko yẹn rí.