Òfin Ìdíje Gèémù Tó Mú Ẹnì Kan, Tó Fi Ẹnì Kejì Sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa. Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Mo san ₦3,000 láti kópa nínú ìdíje gèémù bọ́ọ̀lù eFootball kan tí wọ́n ń darí lórí WhatsApp. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi já kí ayò tó parí, wọ́n sì ní mo ti pàdánù pẹ̀lú 3 sí òdo, nítorí bí òfin wọn ṣe wí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alákòóso, wọ́n ní kó tún un gbá. Mo fẹjọ́ sùn, wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bá wọn jà lórí pé òfin náà le, nítorí ẹ ti gbà á kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀tọ́ yín ni pé kí òfin kan náà de gbogbo ẹni tó sanwó. Ní kété tí wọ́n gba ₦3,000 yín ni àdéhùn ti wà láàárín yín, òfin ìdíje náà sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé ìpinnu àwọn alákòóso labẹ gé, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé gbólóhùn yẹn fún wọn láyè láti ṣe ojúsàájú, tàbí láti lé ẹni tó fẹjọ́ sùn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwọn kan á ní ẹ kò pàdánù ohunkóhun, nítorí kò dájú pé ẹ̀yin lẹ ó gba ẹ̀bùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Chaplin àti Hicks, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1911, obìnrin kan wà lára àwọn 50 tó kù nínú ìdíje tí wọ́n fẹ́ fi yan òṣèré 12, ṣùgbọ́n wọn kò fún un láyè tó tọ́ láti fara hàn níwájú ẹni tó ń yàn. Ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí £100 fún un, nítorí àǹfààní láti díje gan-an níye lórí, bó tilẹ̀ ṣòro láti ṣírò rẹ̀. Ìdájọ́ náà kò de àwọn adájọ́ wa, àmọ́ wọ́n lè wò ó kí wọ́n tó dá tiwọn.

Ẹ̀rí ni kí ẹ mójú tó lónìí. Ọ̀rọ̀ tó ti wọlé kí wọ́n tó yọ yín ṣì wà lórí fóònù yín, àyàfi bí wọ́n bá ti tan ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tó lè jẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó gbé òfin náà, àbájáde ayò yín, ìkéde pé kí ẹnì kejì tún gbá, àti ẹ̀rí owó tí ẹ san, kí déètì hàn lórí gbogbo wọn. Ẹ tọ́jú fóònù náà pẹ̀lú, nítorí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fẹ́ kí ẹ lè fi hàn pé ẹ̀rọ tí ẹ̀rí ti jáde ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí wọn láìbú ẹnikẹ́ni, kí ẹ tọ́ka sí ayò méjèèjì, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tún tiyín gbá, tàbí kí wọ́n dá owó yín padà. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gba ilé ẹjọ́ lọ nítorí ₦3,000, àyàfi bí ẹ̀bùn náà bá tóbi gidi. Ẹ má sì fa ọlọ́pàá wọ̀ ọ́, nítorí abala 32(2) Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò fàyè gbà á kí wọ́n mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan.