Bí a ṣe ń mú ológbò kúrò lórí iyanrìn amọ̀ bọ́ sórí èyí tó ń jẹrà

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ológbò méjì ni mo ń sìn. Akọ ni èkínní, ọmọ ọdún mẹ́ta. Abo ni èkejì, ó sì ti lé ní ọmọ ọdún méjìlá. Láti ọjọ́ tí mo ti ní wọn ni mo ti ń da iyanrìn amọ̀ tó máa ń dì pọ̀ bí ìtọ̀ bá kàn án sínú àpótí tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé gbogbo ohun tí mò ń dà nù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní jẹrà láéláé. Ni mo bá ra hóró igi, ìyẹ̀ pákó tí wọ́n fún pọ̀ di hóró tó sì ń jẹrà, mo kó ti àtijọ́ dà nù, mo sì da tuntun sí ipò rẹ̀. Akọ gbà á láìjanpata. Abo kò tilẹ̀ wọ inú àpótí náà mọ́. Orí ẹní ló ń tọ̀ sí báyìí. Ṣé agídí ni? Irú wo ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe pààrọ̀ rẹ̀? Ṣé mo lè lo èyí tí wọ́n bá ti yàgbẹ́ sí gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀ nínú ọgbà, àbí kí n dà á sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kí omi gbé e lọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Kò sí agídí kankan nínú ohun tí abo yín ṣe. Ọ̀dọ̀ ológbò igbó kan tó ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ ní Àríwá Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ni ìran ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, àṣà wọn sì ni láti fi ọwọ́ wa ilẹ̀ tó rọ̀ kí wọ́n tó yàgbẹ́, kí wọ́n sì bò ó lẹ́yìn náà. Ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bá ti mọ̀ láti kékeré ni wọ́n ń fi mọ ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kó èyí tó mọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì fi ohun líle tó ń gún un lẹ́sẹ̀ rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oríkèé ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ológbò tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti ń ro wọ́n. Ẹní rọ̀ jù ú lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ dá iyanrìn amọ̀ náà padà lónìí. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọṣẹ tó ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń tú ìdọ̀tí ká, fọ ẹní yẹn, kí ẹ má sì fi ohunkóhun tó ní amóníà nínú fọ̀ ọ́, nítorí pé ìtọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń di amóníà bí àwọn kòkòrò àìfojúrí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba á jẹ́, òórùn kan náà yóò sì máa pè é padà síbẹ̀. Bí iyanrìn àtijọ́ bá padà, tí ọjọ́ mélòó kan sì kọjá, tí ó ṣì ń tọ̀ síta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí pé àìsàn kíndìnrín, àtọ̀gbẹ àti àrùn àpò ìtọ̀ wọ́pọ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru hóró igi. Ní ti akọ, bí ẹ bá rí i tó ń wọlé, tó ń jáde nínú àpótí, tó ń rún ara rẹ̀ láìsí ìtọ̀ kankan, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tóóró, bí ó bá dí, ó lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Èrò tó mú yín fẹ́ pààrọ̀ tọ̀nà. Ní 1947 ni Edward Lowe, ará ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta amọ̀ gbígbẹ fún àwọn tó ń sin ológbò. Iyanrìn lásán tàbí eérú ni ọ̀pọ̀ ń lò ṣáájú ìgbà náà. Ní àwọn ọdún 1980 ni irú èyí tó ń dì pọ̀ dé, èyí tí wọ́n fi amọ̀ bentonite ṣe, tó máa ń wú bí omi bá kàn án. Wọ́n ní láti bó ojú ilẹ̀ kí wọ́n tó lè wà á jáde, kò sì sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀ tí kòkòrò inú ilẹ̀ lè jẹ. Bákan náà ni èyí tó ń dán bíi gíláàsì, tí wọ́n fi sílíkà ṣe: òun pẹ̀lú kò ní jẹrà, bó ti wù kí wọ́n ya ewé tútù sára àpò rẹ̀ tó.

Nínú àwọn tó ń jẹrà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bí ó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n fi àgbàdo tàbí àlìkámà ṣe kúná, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń dì pọ̀, nítorí náà òun ló súnmọ́ ohun tí abo yín ti mọ̀ jù lọ, òun ni èmi yóò sì yàn fún un. Àléébù rẹ̀ ni pé oúnjẹ ni: bí ọ̀rinrin bá wọ inú àpò rẹ̀, ó lè bu, kòkòrò sì lè wọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ sì kíyè sí i bí ọ̀kan nínú wọn bá ń jẹ ẹ́. Hóró igi kì í wọ́n eruku púpọ̀, ó sì ń borí òórùn dáadáa. Bí ìtọ̀ bá kàn án, yóò tú di ìyẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ irú igi tó jẹ́. Igi páìnì tútù ní àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní phenol, ẹ̀dọ̀ ológbò kò sì lágbára láti sọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ di aláìléwu bí ẹ̀dọ̀ ènìyàn ti ń ṣe. Èyí tí wọ́n bá ti fi ooru gbẹ dáadáa nìkan ni kí ẹ rà. Ẹ má ra hóró igi ìdáná tí wọ́n ti fi nǹkan mìíràn sí kí ó lè tètè gbiná. Ti páálí àti ìwé ìròyìn rọ̀ jù gbogbo wọn lọ, òun ni a máa ń yàn fún ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí nǹkan má baà lẹ̀ mọ́ ojú egbò, àmọ́ ó tètè máa ń rùn. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kí ó má ní òórùn lọ́fínńdà: imú wa ni wọ́n ń ta ìyẹn fún.

Ní ti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àpótí àtijọ́ wà níbi tó wà, kí ẹ gbé òmíràn tó ní iyanrìn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bu díẹ̀ nínú ti àtijọ́ lé e lórí. Ẹ ó nílò àpótí yẹn lọ́nàkọnà, nítorí pé ilé tó bá ní ológbò méjì yẹ kó ní àpótí mẹ́ta. Bí abo bá ń lo tuntun fúnra rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè wá máa po tuntun mọ́ ti àtijọ́ nínú àwọn àpótí yòókù: ìdá mẹ́rin kan ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ìdajì, títí ti àtijọ́ yóò fi tán. Pípò yìí dára fún ti àgbàdo àti àlìkámà. Kò dára fún hóró igi, torí pé ìyẹ̀ igi àti amọ̀ tútù máa ń pò di ẹrẹ̀ tí kò ṣeé kó. Bí ẹ bá fẹ́ fi hóró igi sílẹ̀ fún akọ, inú àpótí tirẹ̀ ni kó wà. Kí ìjìnlẹ̀ iyanrìn tó bíi sẹ̀ńtímítà márùn-ún, kí etí àpótí sì rẹlẹ̀ lápá kan kí ìyá àgbà yẹn lè rí i wọ̀.

Ẹ máa wo ìṣe rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ń pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀, ológbò kì í sábà kọ nǹkan lójijì. Bí ó bá ń dúró sí etí àpótí dípò kí ó wọ inú rẹ̀, bí ó bá ń gbọn ẹsẹ̀, bí kò bá wa ilẹ̀ mọ́, tàbí bí ó bá ń sáré jáde láìbo ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ padà sí ìwọ̀n tó gbà kẹ́yìn, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí ẹ ń kó lọ sí ilé mìíràn, tàbí tí ara ọ̀kan nínú wọn kò yá.

Ó wá ku ibi tí ẹ ó dà á sí, níbi tí ọ̀rọ̀ “ó ń jẹrà” ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ má dà á sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má sì fi í ṣe ajílẹ̀ fún ohunkóhun tí ẹnu yóò jẹ. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Toxoplasma gondii wà, tí ó jẹ́ pé inú ìfun ẹ̀yà ológbò nìkan ló ti ń yé ẹyin rẹ̀. Ológbò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè máa yà á mọ́ ìgbẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ẹyin yìí sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ibi tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ṣe kì í sábà lè pa á. Ó ti pa àwọn ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní sea otter ní etíkun California. Òkìtì ajílẹ̀ inú ilé kì í sábà gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru rẹ̀ kì í pẹ́ tó. Ẹni tó bá fẹ́ sin ín ṣe ajílẹ̀ fún òdòdó nìkan lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní òkìtì ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ó gba ẹyin náà ní ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó lè ran ènìyàn, ìdí nìyẹn tí kíkó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì. Bí aboyún bá sì wà nínú ilé, kí ẹlòmíràn bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, inú àpò ìdọ̀tí ló máa parí sí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tó bá jẹrà lábẹ́ òkìtì ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ kò dé máa ń tú gáàsì methane jáde, èyí tó ń mú kí ayé gbóná sí i. Nítorí náà, èrè tó dájú jù nínú ìyípadà yìí wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ti pé ajẹkù pákó àti irúgbìn ni ẹ ń lò dípò ilẹ̀ tí wọ́n wà jáde. Ìyókù wà lọ́wọ́ bí ohun tí ẹ ń dà nù ṣe kéré tó: ẹ máa kó kìkì ibi tó bá ti tutù àti ìgbẹ́, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ kún un. Ní ti hóró igi, ẹ lo àpótí tó ní asẹ́ nínú, tí ìyẹ̀ tó ti mu ìtọ̀ yóò jò sí ìsàlẹ̀, tí hóró tó ṣì gbẹ yóò sì ṣẹ́ kù lókè fún akọ yín.