Ṣé kí n fi ìjọ sílẹ̀ torí pé mi ò tíì lọ́kọ?

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. O ní o ti pé ọdún 34, pé gbogbo ìsọjí ni wọ́n ń pe àwọn tí kò tíì lọ́kọ jáde síwájú pẹpẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò sì fẹ́ gbé ọ dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Òṣogbo níbí lèmi náà wà, lápá Òkè-Fíà. Ẹni ọdún 41 ni mí. "Tìẹ náà á dé" tí wọ́n máa ń sọ níbi ìgbéyàwó yẹn máa ń dunni ju èébú lọ, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ wọn sọ ọ́.

Má kúrò o. Lọ bá ìyá ìjọ nílé, má ṣe é lójú èrò. Èmi ní, "Mọ́mì, ẹ máa gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má pè mí jáde mọ́." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì gbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá pe àìṣègbéyàwó ní ègún, ṣí Kọ́ríńtì Kìíní orí 7 fún un. Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ ò níyàwó nígbà náà, ẹ̀bùn ló sì pè é. Ọmọbìnrin mẹ́rin tí Fílípì bí, ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 21, wúńdíá ni wọ́n, wọ́n sì ń sọ àsọtẹ́lẹ̀.

Èmi náà ṣì ń retí ọkọ, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló le jù, tí tọkọtaya àtàwọn ọmọ bá ń wọ mọ́tò lọ sílé. Àwa mẹ́ta kan máa ń dáná pọ̀ lọ́jọ́ náà. Wá bá wa jẹun.