Báwo ni kíkó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn HIV pọ̀ ṣe ń mú ìtọ́jú dára sí i níbi tí owó kò tó?

Ó ń fi hàn kedere ohun tí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo kò lè rí, nítorí pé àwọn aláìsàn ibì kan kì í sábà pọ̀ tó láti mọ ìdí tí oògùn fi ń gba àwọn kan là tí àwọn mìíràn sì ń kú.

Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ olùwádìí ART-LINC fi àwọn aláìsàn láti orílẹ̀-èdè tálákà wé ti olówó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, oògùn ti tẹ kòkòrò HIV mọ́lẹ̀ bákan náà lápá méjèèjì: lára 76% àwọn aláìsàn orílẹ̀-èdè tálákà àti 77% ti olówó. Síbẹ̀ ikú pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tálákà, pàápàá ní oṣù tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ìbẹ̀rẹ̀ oògùn. Wọ́n ti pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn: iye CD4 wọn tó wà láàárín, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn tí HIV sì máa ń pa, jẹ́ 108, ti àwọn olówó jẹ́ 234. Ibi tó yẹ kí ètò ìlera kọjú sí nìyẹn, kí a tètè máa ṣe àyẹ̀wò.

Ètò IeDEA ń bá irú iṣẹ́ yìí lọ ní agbègbè méje lágbàáyé. Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà nínú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oògùn, irú oògùn, iye CD4 àti ọjọ́ tí aláìsàn wá kẹ́yìn ni wọ́n ń kó jọ; nọ́ńbà ló ń rọ́pò orúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò padà wá lè ti kú, tàbí kí ó ti lọ gba oògùn níbòmíràn. Bí a kò bá wá a kàn, iye ikú inú àkọsílẹ̀ yóò kéré ju ti òótọ́ lọ.